A Kì í Ra Ọkùnrin Nínú Ìgò

Ọ̀rọ̀ ìlera tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, Sàngó-Ọ̀tà

  

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlera nínú ìpàdé yìí, ọ̀rọ̀ ara tiwa la máa ń sọ. A máa ń sọ nípa ariwo ẹ̀rọ tó ń ba etí jẹ́, eruku tó ń wọ àyà, bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó lè fa ọwọ́ lọ, àti ẹ̀yìn tó ń dun awakọ̀ tó jókòó láti àfẹ̀mọ́júmọ́ dé alẹ́. Lónìí, mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí a ń torí rẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí.

Ọmọkùnrin tó wà láàárín ọdún 12 sí 18 ni mo ń wí. Ó sanra, ikùn rẹ̀ yọ síwájú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń hu irun lójú, ohùn wọn ti nípọn, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò tíì yí padà. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé ìwé. Ìyá ní ara ire ló ní, ọmọ náà ń jẹun dáadáa. Bàbá ń dààmú, kò sì lè sọ ọ́ jáde. Níbi tó ti ń ronú, ẹnìkan yóò gbà á nímọ̀ràn ní gáréèjì pé oògùn okun ọkùnrin kan wà nínú ìgò, tàbí pé kẹ́míìsì kan ń fún ni ní abẹ́rẹ́ tí yóò sọ ọmọ náà di géńdé kí oṣù tó parí.

Ohun tí mo wá sọ kò ju ọ̀kan lọ. Ẹ má ṣe ra oògùn ọkùnrin fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ikùn rẹ̀, ẹ wo ohun tó ń mu, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ìbàlágà tó ń falẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà lára ọmọ tó sanra jù.

IṢẸ́ TÍ Ẹ̀DỌ̀ Ń ṢE

Ẹ̀dọ̀ tí mo ń wí kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró tí a fi ń mí. Abẹ́ ìhà ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà, ti àgbàlagbà sì máa ń wọn tó kìlógíráàmù kan ààbọ̀. Oúnjẹ tó bá ti dà nínú ìfun, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ ń gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀dọ̀ ló ń ya á sọ́tọ̀, tó ń tọ́jú ṣúgà pamọ́, tó ń pa oró ọtí àti ti oògùn, tó sì ń kó ọ̀rá ránṣẹ́ sí ibi tí ara ti nílò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí yóò tètè lóye èyí. Bí tírélà bá ń já ẹrù tọ̀sán tòru, tí ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù jáde kò sì wá, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ẹrù yóò kún ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà kọjá, iṣẹ́ yóò dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dọ̀ rí. Bí ṣúgà bá ń wọlé ju bí ara ṣe ń lò ó lọ, ẹ̀dọ̀ yóò sọ ọ́ di ọ̀rá. Bí ọ̀rá yìí kò bá rí ọ̀nà jáde, inú ẹ̀dọ̀ ni yóò jókòó sí. Tí ó bá ti ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àwọn dókítà yóò sọ pé ọ̀rá ti mú ẹ̀dọ̀.

Ibi tí ewu rẹ̀ wà ni pé kì í sábà dun ni. Ọmọ náà yóò máa lọ sí ilé ìwé, yóò máa jẹun, yóò máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lára àwọn mìíràn, ẹ̀dọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àpá yóò mú un, yóò le gbagidi, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ tún máa ń bá àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn rìn. Láàárín àwọn ọmọdé, ó wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ.

KÌ Í ṢE ÀRÙN OLÓWÓ

Àwọn kan yóò sọ pé àrùn àwọn olówó nìyí, pé kí ló kan ọmọ òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí nǹkan kan. Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ kì í ṣe àlejò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Dókítà Cicely Williams, ọmọ Jàmáíkà tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé ní ọdún 1933 àti 1935 nípa àrùn tí àwọn Gáà ń pè ní kwashiorkor. Ọmọ tí wọ́n gbà lẹ́nu ọmú, tí wọ́n sì ń fi ọkà nìkan bọ́ ni àrùn náà ń mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, irun rẹ̀ yóò pọ́n, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò sì kún fún ọ̀rá. Ìdí rẹ̀ ni pé oúnjẹ tó ń mú ara dàgbà bí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja kò sí, ẹ̀dọ̀ kò sì rí ohun tí yóò fi kó ọ̀rá jáde.

Níhìn-ín nílẹ̀ Yorùbá, ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ń wọn àwọn ọmọ ìlú Ìmẹsí-Ilé lóṣooṣù, ó sì ń fi ìwọ̀n wọn sínú káàdì kí ìyá lè mọ̀ bóyá ọmọ ń dàgbà. Ọmọ tó ń rù ni wọ́n ń wá nígbà náà. Lónìí, òṣùwọ̀n kan náà gbọ́dọ̀ máa wá ọmọ tó ń sanra jù pẹ̀lú. Ohun tó jọra nínú àrùn méjèèjì ni oúnjẹ tó kún inú tí kò ṣe ara lóore. Búrẹ́dì funfun àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò rọrùn láti rà ní Ojú-Ọrẹ̀ àti ní abẹ́ afárá Sàngó ju abọ́ ẹ̀wà àti ẹja lọ. Ọmọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu ṣíífù, owó ni wọ́n ń fún un kí ó fi ra nǹkan jẹ. Ohun tó bá yá, tó sì dùn, ni yóò rà.

HÒMÓÒNÙ ỌKÙNRIN ÀTI ÌKÙN

Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní testosterone. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní hòmóònù ọkùnrin. Kórópọ̀n ló ń ṣe é, ọpọlọ ló ń pàṣẹ pé kí ó ṣe é. Òun ló ń mú ohùn nípọn, tó ń hu irun, tó ń mú egungun le, tó sì ń kọ́ iṣan ara. Iṣan ni ó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa, nítorí iṣan ni ó ń jó ọ̀pọ̀ ṣúgà tí a bá jẹ. Bí hòmóònù yìí bá kéré, iṣan kò ní pọ̀, ọ̀rá yóò jókòó sí ikùn, láti ikùn yóò sì dé ẹ̀dọ̀.

Ọ̀rá ikùn náà kì í jókòó lásán. Ó ń sọ díẹ̀ nínú hòmóònù ọkùnrin di irú èyí tó pọ̀ lára obìnrin, ó sì ń dín àṣẹ tí ọpọlọ ń fún kórópọ̀n kù. Nítorí náà ni hòmóònù ṣe tún ń dín kù sí i. Èyí ń fa èkejì, èkejì sì ń ti èyí. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Buffalo ní Amẹ́ríkà, tí Dókítà Paresh Dandona ṣáájú wọn, gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2013 lórí àwọn ọmọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 14 sí 20. Hòmóònù ọkùnrin tó wà lára àwọn tó sanra jù dín sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sanra ní ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọkùnrin tó sanra, tí ìbàlágà rẹ̀ sì ń falẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ irun àti ohùn nìkan ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ bi ara yín pé, báwo ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀?

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe pariwo ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló ń pẹ́ kí wọ́n tó bàlágà láìsí àrùn kankan, bí bàbá wọn náà ṣe pẹ́. Ọmú díẹ̀ lè wú lára ọmọkùnrin ní àkókò yìí, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde máa ń pẹ́ kí ó tó bàlágà. Àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú ohun tí àwọn dókítà ń pè ní Klinefelter, tí kórópọ̀n wọn kéré láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá pé ọdún 14 tí kórópọ̀n rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, dókítà ló yẹ kí ó rí i, yálà ó sanra tàbí kò sanra. Dókítà nìkan ló lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹlẹ́bu tó wà ní gáréèjì kò lè yà á.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ RÀ

Èkínní ni oògùn ọkùnrin. Bí wọ́n bá fún ọmọ ní hòmóònù yìí láìsí àṣẹ dókítà, egungun rẹ̀ lè tètè dáwọ́ gígùn dúró, yóò sì kúrú títí ayé. Kórópọ̀n rẹ̀ lè dẹ́kun iṣẹ́, nítorí ara ti rò pé hòmóònù ti tó. Irú èyí tí àwọn tó ń gbé irin láti ní iṣan máa ń gbé mì lẹ́nu tilẹ̀ máa ń pa ẹ̀dọ̀ lára. Ẹ̀dọ̀ tí a fẹ́ gbà là ni a tún ń sọ òkò lù.

Èkejì ni páráágà àti ọtí inú láílọ́ọ̀nù. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má bínú sí mi. Àwọn ọmọ tó ń tẹ̀lé ọkọ̀ yín ń rí ohun tí ẹ ń mu kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọtí ń pa ẹ̀dọ̀ lára, ó sì ń dín hòmóònù ọkùnrin kù. Ẹni tó ní kí ọmọdé mu ún kí ó lè lágbára, òdìkejì ohun tó ń wá ni yóò rí. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ọtí inú láílọ́ọ̀nù àti ìgò kékeré, nítorí ó rọrùn fún ọmọdé láti rà àti láti fi pamọ́. Lẹ́yìn ariwo àwọn tó ń ṣe é, ìjọba tún fún wọn láyè síwájú sí i. Òfin tí a lè ṣe nínú gáréèjì wa kò nílò kí ìjọba bá wa fọwọ́ sí i: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ mu ún lójú wa.

Ẹ̀kẹta ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ẹ wo ara ìgò. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ṣúgà gíráàmù 10 wà nínú mìlílítà 100, a jẹ́ pé gíráàmù 50 wà nínú ìgò 50cl. Ṣíbí tíì kan ń gbé nǹkan bí gíráàmù 4. Ṣíbí méjìlá ààbọ̀ nìyẹn! Ta ni nínú wa tí yóò bu ṣíbí méjìlá ṣúgà sínú ife tíì kan? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2015 pé ẹni tó ń jẹ oúnjẹ kálórì 2000 lóòjọ́ kò gbọdọ̀ kọjá gíráàmù 50 ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ àti ohun mímu, pé bí ó bá sì mọ sí 25, ó sàn jù. Ìgò kan ṣoṣo ti gba gbogbo rẹ̀ tán. A kò tíì ka ṣúgà orí gàrí àti ti inú ògì.

OHUN TÍ A LÈ ṢE LÁÌNÁ OWÓ PÚPỌ̀

Ẹ wá okùn. Kí ọmọ bọ́ bàtà, kí ó dúró ṣánṣán. Ẹ fi okùn wọn ọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, kí ẹ sì gé e. Ẹ ká okùn náà sí méjì ọgbọọgba. Ẹ fi í yí ikùn ọmọ ká, láàárín egungun ìhà ìsàlẹ̀ àti egungun ìbàdí, láìfún un. Bí ẹnu okùn méjèèjì bá pàdé, ó dára. Bí wọn kò bá pàdé, ikùn ti tóbi ju bó ti yẹ lọ. Kì í ṣe àsọdùn o. Ní ọdún 2022, àjọ NICE tó ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i pé kí ikùn má tó ìdajì gíga ènìyàn, àti ọmọdé àti àgbà.

Ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ àti abíyá rẹ̀. Bí awọ ibẹ̀ bá dúdú, tó nípọn bí aṣọ àrán, tí ìyá ti fi kànrìnkàn bó o títí tí kò lọ, ìdọ̀tí kọ́. Ó lè jẹ́ àmì pé ara rẹ̀ kò lo ṣúgà bó ti yẹ mọ́. Ẹ má bó o mọ́, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ilé ìwòsàn, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ láti wo iṣẹ́ ẹ̀dọ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní ALT. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú. Bí dókítà bá fẹ́ wo hòmóònù ọkùnrin, àárọ̀ ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí àárọ̀ ló máa ń pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń parí iṣẹ́ òru, èyí rọ̀ yín lọ́rùn: kí ẹ tó sùn, ẹ mú ọmọ lọ. Kí wọ́n bá yín wo àrùn mẹ́dọ̀wú B pẹ̀lú. Láti ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà lára èyí tí Nàìjíríà ń fún ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ló gbà á pé. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá mú kò yẹ kí ó tún ru ẹrù mìíràn.

Ní ilé, kí omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò. Kí ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja àti ẹ̀fọ́ pọ̀, kí òkèlè dín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọdé máa fi ara ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan lóòjọ́. Bọ́ọ̀lù gbígbá ni o, omi pípọn ni o, ẹsẹ̀ rínrìn láti ilé ìwé ni o, gbogbo rẹ̀ ló dára. Ẹ má febi pa á. Ọmọ tó ṣì ń ga, bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀ bó ti ń ga lọ, àǹfààní ńlá ni. Ìròyìn ayọ̀ sì ni pé bí ikùn bá ti ń fà sẹ́yìn, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ ń dín kù, hòmóònù ọkùnrin sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fúnra rẹ̀ láìsí oògùn kankan. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti le gbagidi, ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ dẹ́kun yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń pè ní obìnrin kò ní bọ́ aṣọ níwájú dókítà, kò sì ní jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú yàrá ni yóò máa jókòó sí pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀.

IṢẸ́ ẸGBẸ́

Ẹ̀yin ará, gbogbo èyí kì í ṣe ẹrù bàbá àti ìyá nìkan. Òfin adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022 sọ pé ó di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti wà nínú ètò náà. Nínú ètò ti òṣìṣẹ́ oṣù, òṣìṣẹ́, aya tàbí ọkọ rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni ètò náà gbà. Ọmọkùnrin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá pé ọdún 18, ilẹ̀kùn yóò tì. Ẹ lọ wo káàdì yín. Orúkọ rẹ̀ ha wà níbẹ̀? Ẹ̀yin awakọ̀ àti kọ̀ndọ́ tí kò ní ọ̀gá tó ń san owó oṣù, ẹ bi àjọ adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ògùn bí ẹ ṣe lè wọlé.

Mo dábàá ohun mẹ́ta fún ẹ̀ka wa. Kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ pé kí wọ́n forúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sílẹ̀, títí kan àwọn tí wọ́n ń pè ní káṣúà. Kí káńtíìnì máa gbé omi mímu tó tutù àti ẹ̀wà sílẹ̀ ní ṣíífù òru, kí ó má jẹ́ ẹlẹ́rìndòdò àti búrẹ́dì nìkan. Kí bàbá tàbí ìyá tó bá mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn má pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ náà. Èyí kì í ṣe àánú tí a ń tọrọ. Ara ọmọ òṣìṣẹ́ wà lára owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ wá okùn kan.

Ẹgbẹ́ wa yóò máa tẹ̀ síwájú.